Níbo ni mo ti lè rí ọkọ̀ ojú irin oníná fún àwòṣe Blue Line ti Èkó?

Ará Mile 2 béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Láti ìgbà tí ọkọ̀ Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni mo ti ń wọ̀ ọ́ láti Mile 2 lọ sí Marina, ó sì ti wá ń wù mí gidigidi kí n kọ́ àwòṣe rẹ̀ sínú yàrá kan nílé mi. Kì í ṣe gbogbo kìlómítà 13 náà ni mo fẹ́ kọ́, nítorí ibùdó Marina nìkan, pẹ̀lú díẹ̀ nínú afárá tó gba orí omi wọ erékùṣù, ti tó mi. Káfíńtà ti bá mi kan pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Nítorí pé àyè kò pọ̀, mo ti pinnu pé ìwọ̀n N ni màá lò, èyí tí ojú irin rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 9.

Ọkọ̀ gan-an ló wá di ìṣòro. Ọkọ̀ Blue Line kò dà bí ti àtijọ́ tó ń ti Ìdó lọ sí Kánò, tí orí kan ń wọ́ àwọn kóòṣì tẹ̀lé ara rẹ̀. Iná ni ó ń lò, irin kẹta tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń gbé iná 750 fóltì fún un, abẹ́ àwọn kóòṣì tí èrò jókòó sí sì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ CRRC Dalian ní Ṣáínà ló ṣe é, kóòṣì 4 ló sì so mọ́ra. Mo ti wá àwòṣe rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí, n kò rí ẹni tó ń tà á. Mo wá ra ọkọ̀ Jàpáànì kan tó jọ ọ́ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo san owó fún aṣọ́bodè, mo gbé e sórí irin tìdùnnú-tìdùnnú, mo tan iná, kò sì mira. Ìgbà tí mo dojú kóòṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin délẹ̀ ni mo rí i pé kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ìkankan nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ̀yin ṣe máa ń rí irú ọkọ̀ báyìí rà, kí n má tún fi owó mi ra ère?

Ará Osaka dáhùn pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún yín lè má mọ̀ pé òun ṣẹ̀ yín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwòṣe níhìn-ín sábà máa ń pín ọkọ̀ kan sí páálí méjì. Páálí ìpìlẹ̀ ni kóòṣì tó ní ẹ́ńjìnnì wà, pẹ̀lú àwọn kóòṣì tó ní iná iwájú, ṣùgbọ́n páálí àfikún kì í sábà ní ju kóòṣì lásán lọ, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ òun gùn sí i. Àfikún ni ẹ rà. Bí ẹ bá rí àmì 基本 lára páálí, ìpìlẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ 増結 ni ẹ rí, ẹ má fọwọ́ kàn án àfi bí ìpìlẹ̀ bá ti wà nílé. Ẹ fi àwòrán àwọn àmì méjèèjì pamọ́ sórí fóònù yín, nítorí àwọn tó ń ta àlòkù kì í sábà túmọ̀ wọn.

Níti ibi tí ẹ ó ti rà á, èmi ò rò pé ibòmíràn wà tí irú ọkọ̀ yìí pọ̀ tó Jàpáànì, nítorí irú rẹ̀ gan-an ni àwọn ará ìlú ńlá ibí ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Láti ọdún 1965 ni Kato ti ń ṣe àwòṣe ìwọ̀n N, Tomix náà wà, Greenmax sì ń ta èyí tí ẹ lè tò fúnra yín. Bí ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ irin kẹta, tí kò ní apá kankan lórí òrùlé tó ń gba iná lára wáyà, ẹ wo ọ̀nà Ginza ní Tokyo, tó ti wà láti ọdún 1927, tí iná irin kẹta rẹ̀ jẹ́ 600 fóltì. Kato ti ṣe àwòṣe irú ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 1000, ní kóòṣì 6. Àwọ̀ ìyeyè ló ní, ẹ ó kùn ún, ìyẹn kò le. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kóòṣì Ginza kúrú, mítà 16 péré ni. Bí ẹ bá pín in sí 150, tí í ṣe ìwọ̀n tí a ń lò níhìn-ín, nǹkan bíi mílímítà 107 ni kóòṣì kan á jẹ́, nígbà tí kóòṣì mítà 20 á jẹ́ 133. Ojú ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ Marina rí á rí ìyàtọ̀ náà kíá.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra ẹsẹ̀ kí wọ́n tó ra ara. Tomytec ń ta àwọn ọkọ̀ kékeré kan tí owó wọn kò ga, tí wọn kò ní ẹ́ńjìnnì rárá nínú páálí, ṣùgbọ́n ó ń ta ẹ́ńjìnnì wọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àti jíà rẹ̀, nínú páálí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TM. Wọ́n máa ń kọ gígùn kóòṣì tó bá a mu sára rẹ̀, bíi mítà 17, 18 tàbí 20. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TT ni ẹsẹ̀ onírin àti ìwúwo fún àwọn kóòṣì yòókù. Ẹ ra TM kan àti TT tó tó kóòṣì mẹ́ta, kí ẹ tó wá ronú nípa ara tí ẹ ó gbé lé wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlò fún ara àwọn kóòṣì tí ẹ ti rà náà.

Kí n tó gbàgbé: ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò lò ju 12 fóltì lọ, ṣùgbọ́n tiráńsífọ́mà tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ níhìn-ín, 100 fóltì ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá kì í bọ iná ilé yín tó jẹ́ 240 fóltì, èéfín ni yóò fi dá yín lóhùn. Ẹ ra tiráńsífọ́mà tó bá iná Nàìjíríà mu.

Ọmọ Peckham dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ àbúrò wa láti Osaka dára, mo sì gbà pé ẹsẹ̀ ló ṣáájú ara. Àmọ́ ẹ má fojú fo Ìlú Ọba. Gúúsù London níbí, irin kẹta ni wọ́n tẹ́ kálẹ̀, 750 fóltì bíi ti Èkó gan-an, àwòṣe ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n N.

Graham Farish ṣe 4-CEP, ọkọ̀ kóòṣì 4 tí wọ́n dìídì kọ́ fún ọ̀nà etíkun Kent nígbà tí wọ́n fa iná débẹ̀ ní ọdún 1959. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eyín àgbàdo, tí ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín tì í pa. Ara rẹ̀ kò lè jọ Blue Line láéláé. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ibí jẹ́ 1:148, kóòṣì rẹ̀ lójú ayé kò sì pé mítà 20 tán, nítorí náà nǹkan bíi mílímítà 133 náà ni àwòṣe rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà tún ṣe Class 319, tó sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá ju ìyẹn lọ: kóòṣì 4 ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, ó sì lè lo iná wáyà òkè tàbí ti irin kẹta, nítorí ọ̀nà Thameslink tó gba àárín London kọjá ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ yọ apá orí òrùlé rẹ̀ kúrò, ẹ dí ojú ihò rẹ̀, ẹ kùn ún, ẹni tó bá dúró ní mítà méjì kò ní bá yín jà.

Tòkunbọ̀ ni èmi máa ń rà jù, mo sì ti pàdánù owó síbẹ̀ rí. Mo ra ọkọ̀ kóòṣì 4 kan tí ẹni tó tà á kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yí lẹ́ẹ̀kan, á ta kọ́, á tún yí, á tún ta kọ́, bí arúgbó tó ń tiro lọ sọ́jà. Nígbà tí mo tú u, jíà oníke kékeré kan ti là lára ọ̀pá rẹ̀, ìlà náà tín-ín-rín débi pé ìgbà tí mo gbé e sábẹ́ awò ni mo tó rí i. Láti ìgbà náà, n kì í san kọ́bọ̀ kí ẹni tó ń tà á tó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, níbi tí ọkọ̀ náà ti ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí eré sísá máa ń bo àrùn jíà mọ́lẹ̀. Ẹ tún ní kí wọ́n fi ìkọ́ tó so kóòṣì pọ̀ hàn yín, nítorí bí ọ̀kan bá sọnù nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ó nira láti rí irú rẹ̀ rà lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ N Gauge Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, ní ìsọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ ti lè ra àwọn nǹkan kéékèèké báwọ̀nyí.

Ẹ kò tíì sọ gígùn kóòṣì Blue Line fún wa, òun sì ni yóò sọ irú ẹsẹ̀ tí ẹ ó rà. Ẹ má gbé téèpù lọ sí ibùdó ọkọ̀ o, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má bàa bi yín léèrè ohun tí kò ní ìdáhùn. Ẹ ṣí máàpù tó ń fi àwòrán láti ojú sánmà hàn, ẹ wá ibi tí ọkọ̀ náà dúró sí, ẹ fi ohun ìwọ̀n inú máàpù náà wọn kóòṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin papọ̀, kí ẹ wá pín in sí mẹ́rin.

Oní-rẹ́sìn Ìbàdàn dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Kò sẹ́ni tó máa ta ara Blue Line fún yín, ẹ̀gbọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D tó ń lo rẹ́sìn, ìyẹn ike olómi tó máa ń gan, ni mo ní, mo sì ti fi tẹ ara ọkọ̀ mẹ́ta ní ìwọ̀n N.

Ẹ ya àwòrán kóòṣì kan láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, kì í ṣe láti igun, kí ẹ ka ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, kí ẹ sì wo iye àyè tó wà láàárín wọn. Bí a bá ti mọ gígùn kóòṣì, àwòrán yẹn ló máa fún wa ní gbogbo ìwọ̀n yòókù. Ara tí mo máa ń tẹ̀ nípọn ní mílímítà 1. Tó bá fi díẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á ká a kò. Ti àkọ́kọ́ tí mo ṣe tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgbà tí mo rì í sínú omi gbígbóná tí mo sì tẹ́ ẹ mọ́ gíláàsì títí ó fi tutù ni ó tó nà. Ṣùgbọ́n bó bá nípọn jù, ẹ́ńjìnnì kò ní wọnú rẹ̀. Kóòṣì tó fẹ̀ ní mítà 2.9, mílímítà 19 àti díẹ̀ ni àwòṣe rẹ̀ láti ìta. Ẹ yọ ògiri méjèèjì kúrò, ó ku mílímítà 17, inú ibẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì àti èékánná tó ń dì í mú máa gbé. Mo fi sáńdípépà ha inú ọ̀kan fún wákàtí méjì gbáko kí ó tó wọlé.

Nítorí èyí ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ará Osaka. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí tábìlì mi, tí mo wọ̀n ọ́n fúnra mi, ara tó bá a mu lẹ́ẹ̀kan náà ni màá tẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí n tẹ ara fún èyí tí ẹ kò tíì rà.

Ará Mile 2 tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ti yé mi: màá ra TM kan láti Jàpáànì, màá wọn kóòṣì lórí máàpù lálẹ́ òní, màá sì fi àwòrán ránṣẹ́ sí Ìbàdàn bí ẹ́ńjìnnì bá ti dé. Kóòṣì 4 tó gùn ní mílímítà 133, pẹ̀lú àyè ìkọ́, á tó sẹ̀ǹtímítà 55, nítorí náà pèpéle Marina tí mo fẹ́ ṣe kò gbọdọ̀ kúrú ju 60 lọ. Ìbéèrè kan ló kù. Irin Kato tí mo ń wò ní kọ́nà tí ìlàjì fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 282, ó sì ní 315. Èwo ni kí n rà?

Ará Osaka dáhùn pé:

Fún kóòṣì mítà 20, 315 ni ìbá dára jù, ṣùgbọ́n kò lè wọ orí pákó yín. Òbìrí 315 fẹ̀ ní mílímítà 630, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 2 kò ju 610 lọ. Ti 282 jẹ́ 564, á wọlé, àmọ́ ohun tó máa kù láàárín ọkọ̀ àti etí pákó kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ilẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀. Bí káfíńtà kò bá tíì kan pákó náà mọ́ ògiri, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó fi ínṣì 6 kún fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ra 315.