Agolo dúdú abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla wa

Ẹ̀yin tí mẹkáníìkì ti yọ nǹkan lára ọkọ̀ yín sọnù, ẹ gbọ́ tèmi.

Corolla 1978 ni. Àbúrò bàbá mi ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Nígbà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ní Adó, mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó rí agolo dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, rọ́bà mẹ́ta wọ orí ẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìranù òyìnbó nìyí, ẹ jẹ́ n yọ ọ́." Ó yọ ọ́, ó ki bóòtù bọ ẹnu rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbowó ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà la ń lọ sí Ẹfọ̀n. Bá a ṣe ń gun òkè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó kú. Ó jí, ó tún kú. A tú plọ́ọ̀gì, a fẹ́ kábúrétọ̀, pàbó. Màámi tó jókòó lẹ́yìn ló ní òun ń gbọ́ "gbọ́ìn" lábẹ́ ìdí òun. Mo ṣí ọmọrí táǹkì: fììììì! Afẹ́fẹ́ ya wọlé. Ọmọrí tí mo rà lọ́jà ò ní ihò kankan, rọ́bà tó yẹ kó máa gba èémí sì ti dí, táǹkì wá ń sún kì. Mo dẹ ọmọrí yẹn sílẹ̀ díẹ̀, la fi délé.

Ọjọ́ kejì ni mo wá fọwọ́ tọ rọ́bà kọ̀ọ̀kan dé ìdí. Ọ̀kan lọ sí táǹkì, ọ̀kan sí kábúrétọ̀, ìkẹta sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn. Mo gbọn agolo náà, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Èédú ni! Ó jọ èyí tí a fi ń sun àgbàdo, àmọ́ wẹ́wẹ́ ni, wọ́n sì ti ṣe é lọ́nà àkànṣe kó lè fa òórùn mọ́ra. Tí ọkọ̀ bá dúró, èédú á gba òórùn epo tó ń jáde láti táǹkì mọ́ra. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, á fà á jó. Láti 1971 ni ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà ti ń ní i. Kalifọ́níà ti fi ọdún kan ṣáájú.

Èsì láti Ìkọ̀lé:
Nǹkan tí èmi ò mọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tèmi jọ olú onírin, Datsun ni ọkọ̀ mi. Ó jókòó sórí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, rọ́bà tín-ín-rín kan lórí ẹ̀. Tí mo bá tẹ àsẹlérétọ̀, ọkọ̀ á sáré dáadáa. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, á kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tú kábúrétọ̀ lásán. Ọmọkùnrin kan ló fẹnu fa rọ́bà yẹn, ọ̀pá inú olú ò mì rárá. Èéfín díẹ̀ ni olú yìí ń dá padà sínú ẹ́ńjìnnì kí iná inú ẹ̀ má gbóná jù, ó sì yẹ kó pa ẹnu dé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Èérí èéfín ti há a sí ṣíṣí. Ohun tá a ha kúrò níbẹ̀ kún ọmọrí ike omi.

Bọ̀ọ̀dá Corolla, ṣé ẹ dá agolo yín padà?

Èsì:
Mo ti dá a padà. Bóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú àpò ṣòkòtò mi.