Ọ̀dà àfomijí: èsì sí "àwọ̀ omi" àti "ẹ̀dá àròsọ"

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Kúbwà, ní Àbújá.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé kí a máa pe watercolour, ọ̀dà tí a ń fi omi pò láti yàwòrán sórí pépà, ní "àwọ̀ omi" ní Yorùbá, kí a sì pe irú àwọn ẹ̀dá tí mo máa ń fi yà, bí iwin àti ànjọ̀nnú, ní "ẹ̀dá àròsọ". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, n kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Àwọ̀ tí omi fúnra rẹ̀ ní ni àwọ̀ omi. Bí mo bá sọ ọ́ fún ìyá mi, odò Usuma ni yóò wá sí i lọ́kàn. "Ọ̀dà olómi" náà kò tó, torí omi wà nínú ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ànjọ̀nnú kan ni mo yà kẹ́yìn. Mo fi pẹ́ńsùlù fa ìlà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, mo bomi rin ojú pépà, kí n tó kán ọ̀dà aláró sí i. Ọ̀dà náà bá ń rìn fúnra rẹ̀, etí ara ànjọ̀nnú náà ń pòórá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀dá tí ẹnikẹ́ni kò lè dì mú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. N kò fi ọ̀dà kan ẹyinjú rẹ̀ rárá. Funfun pépà ni mo dá sí. Nígbà ọyẹ́, pépà a máa gbẹ kí n tó dé ìrù, màá tún un rin.

Ọ̀dà yìí lè gbẹ sínú àwo fún oṣù mélòó kan, kó le gbandi. Kán omi sí i, ó jí. Oje igi tí wọ́n fi pò ó ló fà á, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní ƙaro, tí wọ́n ń kọ lára igi ẹlẹ́gùn-ún ní Yobe, Borno àti Jigawa. Oje náà a máa yọ́ padà nínú omi. Ọ̀dà ògiri kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbẹ, ó gbẹ náà nìyẹn. Ẹni tó dákú, ṣebí omi la fi ń jí i? Ìdí nìyí tí mo fi mú "ọ̀dà àfomijí" wá.

Ẹlòmíràn lè ní "jí" ti jíjí nǹkan gbé ni etí yóò gbọ́. Ta ló gbọ́ "àjíǹde" rí tó rántí olè?

Ní ti ẹ̀dá, "àròsọ" ti sọ ọ́ di irọ́ kí a tó wò ó. "Abàmì ẹ̀dá" tẹ́ mi lọ́rùn jù, ó gba iwin, ó gba ànjọ̀nnú tó bá wa láti inú aljannu àwọn Hausa.

Ẹṣin oníwo kan ṣoṣo, unicorn, ló kù tí n kò rí orúkọ fún. Àgbáǹréré ni Bíbélì wa lò ní Númérì 23:22, níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti lo "unicorn", ṣùgbọ́n ẹranko gidi ni àgbáǹréré, kò sì jọ ẹṣin. Òun ni mo fẹ́ yà tẹ̀lé. Ẹni tó bá ní orúkọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.