Géèjì ọ́ìlì fún Volkswagen Ìjàpá àtijọ́: oníwáyà ni àbí èyí tó ń gbé ọ́ìlì dé dáṣíbọọ̀dù?

OníÌjàpá68
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìjàpá ọdún 1968 ni, ẹ́ńjìnnì 1500, bátìrì fóòtì 12. Iná ọ́ìlì nìkan ló wà lójú dáṣíbọọ̀dù, mo sì fẹ́ fi géèjì sí i kí n lè máa rí pírẹ́ṣọ̀ gan-an. Méjì ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn. Èkíní, ọ́ìlì fúnra rẹ̀ ló ń gba inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ wá sẹ́yìn géèjì. 0 sí 150 psi (ìwọ̀n pírẹ́ṣọ̀) ló wà lójú rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 1/8 NPT, ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà. Èkejì ni oníwáyà tí ilé iṣẹ́ VDO ṣe, 0 sí 5 bar (bar kan jẹ́ nǹkan bí 14.5 psi), ṣùgbọ́n kò ní sẹ́ńdà, ìyẹn ohun tó ń wọn pírẹ́ṣọ̀ lára ẹ́ńjìnnì tó sì ń fi wáyà sọ ọ́ fún géèjì. Èwo ni kí n mú? Ṣé sẹ́ńdà èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọ ihò súwíìṣì iná ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì ló lè bá VDO yẹn ṣiṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ba bùlọ́ọ̀kù jẹ́.

BàbáKíráńkì
Oníwáyà ni kí ẹ mú. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú ni dáṣíbọọ̀dù. Tí ẹ bá mú èyí tó ń gbé ọ́ìlì, páìpù yẹn á la gbogbo gígùn mọ́tò kọjá, ibi tí èèyàn ń jókòó sí ni yóò sì parí sí. Páìpù ike á yọ́ tó bá kan sàlẹ́ńsà. Ti bàbà máa ń le sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n ọ́n, lọ́jọ́ kan á kàn sán. Ọ́ìlì gbígbóná tó bá dà sórí irin sàlẹ́ńsà lè gbiná. Tó bá jẹ́ mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú ni, tí páìpù náà kò gùn, mi ò ní bá yín jiyàn.

Ẹ tún wo nọ́ńbà ojú géèjì. Ẹ́ńjìnnì yìí tó bá pé, tí ọ́ìlì SAE 30 inú rẹ̀ gbóná dé 70°C, á máa mú nǹkan bí 42 psi wá tó bá ń yí ní ìgbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan. 28 psi ni ìsàlẹ̀ tí a lè gbà. Lójú géèjì 150 psi, àlàfo àárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ojú ò ní tètè rí i. Lójú 5 bar, ọ̀rọ̀ 3 bar àti 2 bar ni, ẹni tó ń wakọ̀ á rí i kedere. Nígbà tí ọ́ìlì ṣì tutù, ọwọ́ géèjì lè sún mọ́ òpin. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ẹ má ṣáà tẹ súrótù wọlé títí ọ́ìlì á fi gbóná.

Iná ọ́ìlì yẹn, ẹ má yọ ọ́ o. Òótọ́ ni pé kì í tàn títí pírẹ́ṣọ̀ á fi já wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 sí 6 psi, ó sì ti pẹ́ jù nígbà náà tí mọ́tò bá wà lórí ìrìn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè tẹjú mọ́ géèjì nígbà gbogbo. Iná ló ń pe èèyàn.

WáyàDúdú
Sẹ́ńdà èyíkéyìí kọ́ o. VDO yẹn ń retí sẹ́ńdà tó jẹ́ nǹkan bí 10 óòmù (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà) nígbà tí kò sí pírẹ́ṣọ̀, tó sì ń gòkè lọ sí nǹkan bí 180 óòmù ní 5 bar. Èyí tó wọ́pọ̀ lára géèjì Amẹ́ríkà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 240, á sì máa wálẹ̀ dé 33. Tí ẹ bá so ìyẹn mọ́ VDO, ẹ́ńjìnnì á ti kú, ọwọ́ géèjì á dúró lókè pátápátá.

Èyí tó ń tan èèyàn jù ni sẹ́ńdà VDO ti 10 bar. Ó jọ ti 5 bar, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ ìdajì ló ń sọ. 3 bar á di 1.5 lójú géèjì, ẹ ó wá tú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan. Nọ́ńbà bar máa ń wà lára sẹ́ńdà. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ra ti 5 bar, tírẹ́ẹ̀dì M10x1 (ìwọ̀n mìlímítà), tó ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ G sí ni wáyà géèjì ń lọ. Ẹsẹ̀ WK ni kí ẹ fi wáyà iná ọ́ìlì àtijọ́ sí, iná yín á máa tàn bó ṣe ń tàn tẹ́lẹ̀. Wáyà tó ń gbé iná wá sí géèjì gbọ́dọ̀ ti ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣàkóso wá, kí ó sì gba inú fíúsì kékeré.

Ẹ dán géèjì wò kí ẹ tó mú sípánà rárá. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí wáyà G má kan nǹkan kan: ọwọ́ á lọ sókè pátápátá. Ẹ fi wáyà yẹn kan irin ẹ́ńjìnnì: ọwọ́ á padà sí òdo. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, géèjì àti wáyà dára. Ohun yòówù tó bá kù, ọwọ́ sẹ́ńdà ni.

Sípánà17
Èmi náà fara mọ́ oníwáyà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lè ní méjèèjì, ẹ má kọ èyí tó ń gbé ọ́ìlì. Òun ni ẹ ó fi máa yẹ òótọ́ wò. Ẹ yọ súwíìṣì iná ọ́ìlì, ẹ fi géèjì yẹn sí ihò rẹ̀, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó mọ̀ bóyá VDO ń parọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: ihò yẹn kì í ṣe 1/8 NPT, M10x1 ni. Ìwọ̀n méjèèjì súnmọ́ra débi pé NPT á wọlé ní yíyí kan tàbí méjì, á wá le. Ẹni tó bá fi agbára sípánà tì í níbẹ̀ á fọ́ bùlọ́ọ̀kù, torí kì í ṣe irin lílé, magnesium ni. Ẹ wá adápítọ̀ M10x1 sí 1/8 NPT. Kódà èyí tó bá a mu gan-an, ẹ má fún un pa: tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń tóbi bó ṣe ń wọlé, ńṣe ló ń ti ihò náà síta.

Ẹ má wé téèpù funfun mọ́ ọn. Ara irin ẹ́ńjìnnì ni sẹ́ńdà ti ń rí áàtì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì), téèpù lè dí i lọ́wọ́, géèjì á máa sọ ìsọkúsọ. Èérún rẹ̀ tún lè já wọ ọ̀nà ọ́ìlì. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tírẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sí i, kí ẹ fi tírẹ́ẹ̀dì méjì tó wà lẹ́nu sílẹ̀ láìkùn.

OníÌjàpá68
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìbéèrè kan ló kù: sẹ́ńdà VDO ẹlẹ́sẹ̀ méjì tóbi, ó fẹ́ máa kan dísíríbútọ̀. Ṣé mo lè fi ìsopọ̀ onídẹ tó rí bíi T gbé e jìnnà díẹ̀?

Sípánà17
Rárá. Sẹ́ńdà wúwo, ìdẹ kò sì fẹ́ràn kí nǹkan máa mì lórí rẹ̀. Ọrùn T á já, gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ lítà méjì ààbọ̀ péré. Ẹ fi họ́ọ̀sì tí wọ́n hun wáyà sí lára gbé e kúrò níbẹ̀, kí ẹ dè sẹ́ńdà mọ́ ara mọ́tò. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fa wáyà áàtì kan láti ara sẹ́ńdà wá sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ má gbọ́kàn lé họ́ọ̀sì fún ìyẹn.

BàbáKíráńkì
Tí géèjì bá ti wọlé tó sì ń sọ pé pírẹ́ṣọ̀ kéré, ẹ má sáré lọ tú bẹ́ríìnì. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù, pọ́ǹpù epo ló ń jò sínú ọ́ìlì, ó sì ti sọ ọ́ di omi. Ẹ tún pọ́ǹpù ṣe, kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú bóòtì ńlá tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì lápá òsì, tó ní ojú fún sukurudíráfà. Písítìnì kékeré àti sípíríǹgì tó ń ṣàkóso pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì ló wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí písítìnì náà yọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá há ní ṣíṣí, pírẹ́ṣọ̀ á kéré ní gbogbo ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná. Tó bá há ní pípadé, ọ́ìlì tútù lè tú kúlà ọ́ìlì. Ẹ fi sáńpépà tó kúnná gan-an nu ibi tó ti họ, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ dá a padà, kí ẹ tó ka géèjì lẹ́ẹ̀kan sí i.