Awò Morpheus Tí Kò Lápá: Ẹ Wá Sọ Tiyín

Tanke, Ìlọrin (èmi tí mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń rí àwòrán àwọn nǹkan inú fíìmù tí ẹ ń fọwọ́ ara yín ṣe: idà, adé, ìbọn onígi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ti awò ojú kan tó kù díẹ̀ kó ba imú mi jẹ́.

Nígbà tí a fẹ́ jáde yunifásítì, ọjọ́ kan wà tí oníkálukú á múra bí ẹni inú fíìmù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi mú ọba, wọ́n mú sójà. Èmi ní Morpheus inú The Matrix ni mo máa jẹ́. Ẹ rántí Laurence Fishburne tó ṣe Morpheus, níbi tó ti jókòó tó na ọwọ́ méjèèjì sí Neo, akọni fíìmù náà, hóró oògùn pupa lọ́wọ́ kan, búlúù lọ́wọ́ kejì, tí oògùn náà ń hàn lójú awò rẹ̀. Awò yẹn kò lápá. Kò sí ohun tó kan etí rárá, imú nìkan ló dì mú. Ọdún 1999 ni fíìmù náà jáde, Sydney ní Ọsirélíà ni wọ́n ti yà á, wọ́n sì ṣe awò wọ̀nyẹn fún fíìmù náà ni, wọn ò rà wọ́n lọ́jà. Ta ló máa wá ṣe tèmi?

Aṣọ kò fún mi ní wàhálà: rénkóòtù dúdú tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń gun ọ̀kadà ni mo yá, mo fi òróró pa á kó lè dán. Irun, mo fá a kodoro. Awò ló kù.

Bàbá kan wà tó ń tún awò ṣe lẹ́bàá títì, lápá Post Office. Tábìlì kékeré, agboòrùn ńlá. Agolo Mílò kan wà lábẹ́ tábìlì tó kún fún òkú awò: apá ọ̀tún tí kò ní tòsì, ike imú, lẹ́ǹsì tó ti kán létí. Mo kí wọn, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣe awò tí kò lápá.” Wọ́n wò mí lókè, wọ́n wò mí nílẹ̀.

“Ṣé etí ló ń dùn ọ́ ni?”

Nígbà tí mo fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ti agolo náà sọ́dọ̀ mi. “Kó ohun tó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan súkúrù mi o.” Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ ìdí. Súkúrù awò kò tó hóró ìrẹsì. Bó bá ti já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó di àwátì. Mẹ́rin ni mo rà lọ́wọ́ wọn, mo sọ méjì nù kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nínú agolo yẹn ni mo ti rí férémù kan tí irin kò yí lẹ́ǹsì rẹ̀ ká, irú èyí tí wọ́n kàn dá ihò sí lẹ́ǹsì lára, tí wọ́n fi súkúrù de afárá àárín mọ́ ọn. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Lẹ́ǹsì tó ń dán bíi jígí, ara awò tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀ ni mo ti yọ ọ́. Ó tóbi jù, mo ní láti gé e kù. Ẹ má fi sáàsì gé e o! Mo fi sáàsì gé àkọ́kọ́, jígí ojú rẹ̀ sì bó bí èèpo àlùbọ́sà, nítorí pé ojú ìta ni wọ́n fi í sí, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì rí. Èkejì, mo lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn tojú-tẹ̀yìn, mo fi bírò yà á bí mo ṣe fẹ́ kó rí, mo wá ń fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta ìpọ́nbẹ ìyá mi. Ọjọ́ méjì gbáko. Ìyá mi bi mí pé ta ni mo fẹ́ lọ bá jà.

Afárá inú férémù yẹn rọ̀ jù. Bí o bá ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa wà. Awò tó máa di imú mú ń fẹ́ irin tó ń fà padà. Mo fi wáyà kọ́pà gbìyànjú, ó rọ̀. Sípóòkù kẹ̀kẹ́, ó le ju ọwọ́ mi lọ. Egungun agboòrùn ló gbà mí. Ẹ wo ṣóńṣó egungun agboòrùn tó ti bàjẹ́, níbi tí wọ́n ti fi òwú so aṣọ mọ́ ọn: ihò kan wà níbẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Súkúrù awò wọ inú ihò yẹn bí ẹni pé wọ́n ti jọ ṣàdéhùn. Orí kejì ni mo fi píláyà ká roboto.

Ibi tí mo ti fẹ́ sunkún nìyí. Mo fi súpà gúlù lẹ ike imú mọ́ afárá lálẹ́, mo sì fi agolo bò ó kí eruku má bàa kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lẹ́ǹsì méjèèjì ti funfun bí ẹni fi ìyẹ̀fun kùn ún. Súpà gúlù ń tú èéfín bó ṣe ń gbẹ, èmi ni mo sì há èéfín mọ́ abẹ́ agolo pẹ̀lú lẹ́ǹsì. Àbúrò mi obìnrin ní ohun tí wọ́n fi ń pa kúútẹ́ẹ̀sì rẹ́ máa ń tú gúlù. Òótọ́ ló sọ, ó tú gúlù. Ó tú lẹ́ǹsì pẹ̀lú. Acetone ló wà nínú ẹ̀, lẹ́ǹsì polycarbonate kò sì lè dúró níwájú ẹ̀. Ó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mo ra awò ọlọ́kadà mìíràn, mo padà sídìí òkúta ìpọ́nbẹ. Gúlù onítúùbù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ ni mo lò lẹ́ẹ̀kejì, ìta gbangba ni mo sì gbé e sí.

Ó wá ku imú. Òkè imú, láàárín ojú méjèèjì, ló yẹ kí awò náà ti dì mú, tèmi sì tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, síbi tí ẹran wà. Ó dì mú dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn ti yí padà. Ẹ fojú inú wo Morpheus tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Mo gbé e padà sókè, mo lẹ rọ́bà tí mo gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ mọ́ inú ike imú kó má bàa yọ̀. Ó dúró nínú ilé. Lọ́jọ́ náà gan-an, nínú rénkóòtù, lábẹ́ oòrùn Ìlọrin, òógùn dé. Ọgbọ́n kan ṣoṣo tó kù ni kí n gbé àgbọ̀n sókè, kí n máa fẹ̀sọ̀ rìn, kí n má wo ilẹ̀, kí n má rẹ́rìn-ín. Gbogbo èèyàn ní mo mọ ọkùnrin náà ṣe. Ọrùn ni mo ń jẹ̀rora rẹ̀.

Láti Òmù-Àrán

Tèmi kò fi bẹ́ẹ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Eré ilé-ìwé ni, wọ́n ní kí n ṣe ọkùnrin aláàbọ̀ ẹ̀rọ, tí ojú rẹ̀ kan jẹ́ irin. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ bàbá mi tó ti dolóògbé, mo rí awò ìkàwé wọn méjì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Mo yọ lẹ́ǹsì, mo to mẹ́ta léra wọn nínú ìdérí ìgò, mo fi gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré sẹ́yìn rẹ̀, mo sì lo apá awò kan láti fi há a mọ́ etí. Ó dára, kí n má purọ́. Bí gílóòbù bá tàn, àwọn ọmọ kékeré ń sá.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé bàbá ti wé òwú pupa mọ́ ìdí apá yẹn nígbà tí súkúrù rẹ̀ sọnù. Ìyá mi wà láàárín àwọn tó wá wòran. Nígbà tí a délé, wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní kí n gbé ojú náà wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa òwú náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ní, “Ọwọ́ rẹ̀ nìyí.” Inú àpótí gèlè wọn ló wà títí di òní, pẹ̀lú gílóòbù, pẹ̀lú bátìrì, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. N ò béèrè rẹ̀ rí.

Òkè-Ìmàlè, Ìlọrin

Ẹni Tanke, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n o ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò ní àgbà nílé. Ìlọrin ńkọ́, níbi tí wọ́n ti ń lu òkúta pupa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà kí wọ́n tó bí bàbá ta ni? Bàbá bàbá mi ṣe é. Kì í kánjú. Nígbà tí èmi náà fẹ́ dá ihò sí lẹ́ǹsì, abẹ́rẹ́ gbígbóná ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n lò. Ó yọ́ etí ihò náà, ìgbà tí mo sì de súkúrù, ó là dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi ẹnu ìlu tín-ín-rín lu ú, ẹ fi ọwọ́ yí i, ẹ máa kán omi sí i. Ẹ lu ú dé ìdajì, ẹ yí i padà, ẹ lu ẹ̀yìn rẹ̀ pàdé.

Ọ̀fà

Mo ń ta awò. Ẹ ṣe eré yín o, ṣùgbọ́n ẹ má wọ nǹkan wọ̀nyẹn gun ọ̀kadà. Pé lẹ́ǹsì dúdú kò sọ pé ó ń dí ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí. Bí èyí tí ẹ wọ̀ kò bá dí i, dúdú rẹ̀ á jẹ́ kí ọmọlójú ṣí sílẹ̀ sí i, ìtànṣán á sì ráyè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá awò tó tú palẹ̀ jẹ́ polarized, irú èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn wá láti ojú omi tàbí títì kù, kó gbé lẹ́ǹsì náà síwájú ojú fóònù kó máa yí i. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn níbì kan.

Tanke

Ẹni Ọ̀fà, ẹ ṣeun. Ẹni Òkè-Ìmàlè, mo gbà, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Afárá egungun agboòrùn náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, kò tíì rọ̀. Lẹ́ǹsì òsì ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Òró tí mo wọ̀ lóṣù tó kọjá, ẹnì kan sì tẹ̀ ẹ́ kí n tó mú un nílẹ̀. Ẹni tó bá ní lẹ́ǹsì jígí kan tí ojú rẹ̀ kò họ, kó fi sílẹ̀ fún mi lọ́dọ̀ bàbá tó wà ní Post Office. Súkúrù ni kẹ́ ẹ má fi síbẹ̀, wọn ò ní dá a padà.