Ikú Kennedy: tí a bá yọ ìró ìbọn kẹrin kúrò, ẹ̀rí wo ló kù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Ìgbìmọ̀ Warren, tí ìjọba Amẹ́ríkà yàn láti wádìí ikú Ààrẹ Kennedy tí wọ́n yìnbọn pa ní Dallas lọ́dún 1963, ní lọ́dún 1964 pé Lee Harvey Oswald nìkan ló yìnbọn, ẹ̀ẹ̀mẹta, láti àjà kẹfà ilé ìkówèépamọ́ kan níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà wá ní lọ́dún 1979 pé ó jọ pé ọ̀tẹ̀ ni, pé ẹlòmíì náà yìnbọn. Ìró ìbọn kẹrin nínú rẹ́kọ́ọ̀dù rédíò ọlọ́pàá Dallas ni wọ́n gbára lé jù. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1982, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé ohùn Decker, ṣẹ́rífù (olórí agbófinró) àgbègbè Dallas, wà níbi ìró náà gan-an, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn ló sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, ìyẹn ti ba ẹ̀rí náà jẹ́. Kí ló wá kù? Ẹ má kàn ní CIA tàbí Máfíà ni o. Ìwé ẹ̀rí àti ojú ewé rẹ̀ ni mo ń wá.