"Oúnjẹ ẹ̀jẹ̀" kọ́ ni G-CSF

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, a ti gbọ́ ìtumọ̀ Yorùbá méjì tí wọ́n dábàá fún G-CSF (granulocyte colony-stimulating factor), purotéènì tí àwọn jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ kan máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀: "oúnjẹ ẹ̀jẹ̀" àti "amẹ́jẹ̀pọ̀". N kò fara mọ́ ìkankan.

Iṣẹ́ ni nǹkan yìí ń jẹ́, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́. Ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé mùdùnmúdùn egungun, á ní kí wọ́n yára máa ṣe niutirofíìlì, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń kọ́kọ́ kojú kòkòrò àrùn. Tí a bá pè é ní oúnjẹ, ẹnìkan á béèrè bí wọ́n ṣe ń sè é.

"Amẹ́jẹ̀pọ̀" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà kò pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì funfun nìkan ló ń ròkè kọjá nǹkan bí 11,000 nínú máíkírólítà kan, tí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kà sí òpin, láìsí kòkòrò àrùn kankan lára. Ẹni kan náà lè máa tọ ẹ̀jẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ sì máa dín kù. Ta ni "amẹ́jẹ̀pọ̀" kò ní ṣì lọ́nà níbẹ̀?

Àbá tèmi ni "asọsẹ́ẹ̀lìdọ̀pọ̀". Àwọ̀ la ó máa fi há a láàárín: asọsẹ́ẹ̀lì-funfun-dọ̀pọ̀ fún G-CSF, asọsẹ́ẹ̀lì-pupa-dọ̀pọ̀ fún erythropoietin tí kíndìnrín ń ṣe. Ó gùn, mo gbà, àmọ́ ó gba gbogbo ẹbí wọn.

Ní ti lẹ́tà C, ìyẹn "colony", tí àwọn kan ní a fò dá nínú ìtumọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìjọba amúnisìn túmọ̀ rẹ̀ o! Ìṣùjọ sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Bradley àti Metcalf rí nínú agar, ohun dídì tí wọ́n ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì lé lórí, ní Ọsirélíà ní 1966 ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. "Dọ̀pọ̀" ti gbé ìyẹn.

Ó ku "kókó tó ń pèsè", tí wọ́n fi ń pe jẹjẹrẹ tó ń tú G-CSF jáde. Kókó lè má jẹ́ jẹjẹrẹ, èyí sì jẹ́ ẹ, kódà ó sábà máa ń le ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Pèsè náà dùn jù: iṣẹ́ olóore ni. Lóòótọ́, inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tí wọ́n ń pè ní 5637 tí wọ́n ń tọ́ nínú yàrá ìwádìí ni onímọ̀ Welte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ purotéènì yìí ní 1985. Irú rẹ̀ ni oògùn filgrastim tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991, fún àwọn tí oògùn jẹjẹrẹ ti mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun wọn já wálẹ̀. Nínú àwo yàrá ìwádìí, mo lè gba "pèsè". Nínú ara aláìsàn, "tú jáde" ni kí a kọ.