Windows 10 ti kógbá sílé: ṣé kí n gbé Linux sórí láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ mi, àbí kí n ra òmíràn?

Ìyá Atẹ̀wé (Ṣómólú)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó fi owó àjọ ṣòfò.

Iṣẹ́ dìsáìnì ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Èmi kọ́ ni mo ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé o. Màá to iṣẹ́ tán lórí láptọ́ọ̀pù, màá wá gbé e sínú fílàṣì lọ bá àwọn tó ní ẹ̀rọ. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, rìsíìtì. CorelDRAW, ètò tí a fi ń ya dìsáìnì, ni mo fi ń jẹun. Tòkúnbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù náà, HP EliteBook 840 G3, Core i5, RAM 8GB, SSD 256GB. Ọdún kẹrin rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi, bátìrì nìkan ni mo tíì pààrọ̀.

Ní báyìí, ìgbàkígbà ló ń gbé ìkìlọ̀ gbàgàdà bo ojú iṣẹ́ mi pé Windows 10 ti parí láti 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Mo ní kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó lè gbé Windows 11, ó ní òun ò lè gbé e. Ọmọkùnrin tó máa ń bá mi wá fọ́ǹtì ní kí n gbé Linux sí i, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé fáírọ́ọ̀sì kì í sábà bá a jà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú ra Mac, pé òun ni àwọn adìsáìnì gidi ń lò. (Èmi wá ni adìsáìnì ayédèrú, àbí?)

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé kọ̀ǹpútà yìí kan náà la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Tí mo bá ti gbé e délé, bàbá àwọn ọmọ á fi tẹ mínítì ẹgbẹ́ wọn. Tó bá di alẹ́, ọmọ mi á gbà á, á ní iṣẹ́ àmúrelé ni. Kí n tó yíjú, ó ti ń gbá PES 2017, géèmù bọ́ọ̀lù. Ó tún ti ń bẹ̀ mí báyìí pé EA Sports FC tuntun, géèmù bọ́ọ̀lù mìíràn, ni kí n bá òun wá.

Oṣù tó ń bọ̀ ni àjọ kàn mí. Kí ni kí n ṣe?

Alátùn-ún-ṣe Mókọ́lá

Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, láptọ́ọ̀pù yín ò ní kú. Ohun tó parí ni àbò tí Microsoft máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti dí ihò tí àwọn olè lè gbà wọlé. Wọ́n ṣì fún àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àfikún títí di 13 Oṣù Kẹwàá 2026. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Update & Security, lẹ́yìn náà Windows Update, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Enroll sí. Tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí ẹ sì gbà kó máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ́ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, 30 dọ́là ni. Nítorí náà, ẹ má sáré torí ìkìlọ̀ yẹn.

Ìdí tó fi kọ Windows 11 ni pé i5 tiyín jẹ́ ti ìran kẹfà. Láti ìran kẹjọ ni Windows 11 ti ń gba ti Intel, ó sì tún fẹ́ TPM 2.0, kiní ààbò kan tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n wà tí a fi ń tì í wọlé tipátipá, mo ti ṣe é fún àwọn oníbàárà kan. Mi ò ní ṣe é fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹun. Tí ẹ̀yà ńlá tuntun bá jáde lọ́dọọdún, kì í wá fúnra rẹ̀ sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi ni ẹ ó tún gbé e padà wá, bóyá ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ń dúró de kàlẹ́ńdà yín ló máa bọ́ sí.

Tẹ́ ẹ bá máa rà, 840 G5, HP kan náà tó tuntun ju G3 tiyín lọ, tó yín. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: àwọn G5 kan wà tó jẹ́ ìran keje, a sì ti rí ẹni tó lẹ sítíkà i7 mọ́ i5 rí. Ẹ má wo sítíkà. Ẹ tan án lójú ẹni tó ń tà á, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ This PC, ẹ wo Properties, kí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé "i5-" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, bíi 8250U tàbí 8350U. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ wá 2.0 níbẹ̀. Tí ó bá ní kẹ́ ẹ sanwó ná kí òun tó tan án, ẹ máa lọ ilé yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń lo Linux tọ̀sán-tòru sọ ọ́ fún yín: ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣe CorelDRAW. Kò sí CorelDRAW fún Linux lóde òní. Inkscape ló wà, ó dára, ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń gbìyànjú láti ṣí fáìlì CDR, irú èyí tí CorelDRAW ń ṣe, ṣùgbọ́n kò lè fi CDR pamọ́. Tí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá ní CDR lòun ń gbà, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Ti FC, ẹ bá mi sọ fún àbúrò kó má tan ara rẹ̀. Valve, ilé iṣẹ́ géèmù kan, ti ṣe ètò tó ń jẹ́ Proton láti 2018, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù wọn tó jáde ní 2022, Linux ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ FC ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú àwọn oníjìbìtì, ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í sì í gba Linux láàyè. Ká tiẹ̀ ní ó gbà, káàdì àwòrán tó wà nínú G3 ò lè gbé e, ì báà jẹ́ Windows, ì báà jẹ́ Linux. PES 2017 ni ìwọ̀n rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ dán Linux Mint, irú Linux kan, wò láti orí fílàṣì. Kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun nínú SSD yín, tẹ́ ò bá ṣáà ti tẹ Install.

Ìyá Atẹ̀wé (Ṣómólú)

Mo dán an wò. Ẹ wá gbọ́.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tó wà lọ́wọ́ mi ni mo fi Inkscape ṣí. Aṣọ ẹbí wọn, àwọ̀ wáìnì ni. Ohun tí mo rí lójú ẹ̀rọ dà bí ọbẹ̀ ata tó jóná. Ìyẹn ṣì kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ Yorùbá ní Ṣómólú, ẹ mọ̀ pé tí fọ́ǹtì ò bá ní ẹ àti ọ, a máa ń ya kiní róbótó kékeré kan sábẹ́ e tàbí o ni. Fọ́ǹtì tí mo lò ò sí lórí fílàṣì yẹn, ni Inkscape bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Lẹ́tà wá fẹ̀ sí i, wọ́n sún kúrò láyè wọn, àwọn kiní róbótó mi ò sì sún. Gbogbo àmì abẹ́ orúkọ ìyàwó wá bọ́ sábẹ́ lẹ́tà tí kì í ṣe tiwọn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ká ní mo gbé e lọ tẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá ìyàwó ì bá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ́ bàbá àwọn ọmọ fẹ́ràn Mint yẹn. Ó ní ó yá ju tàtijọ́ lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester

Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi róbótó yẹn sílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows, ó wà nínú Linux náà lábẹ́ Nigeria. Ẹ wá fọ́ǹtì tó ní lẹ́tà wa, àmì á máa bá lẹ́tà rìn.

Adé Afídíò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mac ní kíákíá. MacBook Air M1 ti 2020 ni mo ní, mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú, torí tí iná bá lọ, mo lè fi gé fídíò fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìtan jẹnẹrétọ̀. CorelDRAW ti padà sórí Mac láti 2019. Àmọ́ RAM tí ẹ bá bá nínú rẹ̀ ni ẹ ó bá a kú, kò ṣeé fi kún. Nígbà tí sikirínì Mac tèmi fọ́, owó tí wọ́n dá lé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ra odidi láptọ́ọ̀pù míràn. FC ò sì sí fún un. Tí kì í bá ṣe fídíò lẹ ń ṣe, ẹ fi owó àjọ yín ra G5.

Ìyá Atẹ̀wé (Ṣómólú)

Mo padà wá o. Àjọ bọ́, mo ra G5, i5-8350U, mo yẹ̀ ẹ́ wò bí Alátùn-ún-ṣe ṣe wí. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá ò jẹ́ kí n tan án, mo sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Windows 11 àti CorelDRAW ló wà lórí G5, kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. G3 ti di tilé: wọ́n fi Mint sí i fún bàbá àwọn ọmọ, wọ́n sì fi Windows díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún PES, láìsí dátà.

Ìṣòro kan ló kù. Tí bàbá rẹ̀ bá lo Mint tán, tí ọmọ yìí sì tan Windows, aago ibẹ̀ á ti fi wákàtí kan sẹ́yìn. Mo ti ní agogo mẹ́sàn-án ni òpin eré. Lánàá, mo bá a nídìí rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá ku díẹ̀, ó na ìka sí aago kọ̀ǹpútà: "Mọ́mì, agogo mẹ́sàn-án ò tíì lù."

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester

Àbúrò gbọ́n o! Aago GMT ni Linux ń kọ sínú ẹ̀rọ, Windows sì rò pé aago Nàìjíríà ni; wákàtí kan ló wà láàárín wọn. Ẹ ṣí Terminal lórí Mint, ẹ kọ èyí:

timedatectl set-local-rtc 1

Ẹ má jẹ́ kó rí yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́.